Fóònù Mi Já Kọ̀ǹpútà Bàbá Tísà Nírọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí níbi ọdún Àjíǹde tó kọjá yìí. Mo ti kọ́kọ́ ní mi ò ní sọ ọ́ níbí. Bàbá Tísà fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi ṣúgà sí i.

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí dáadáa, ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ìkẹ́rẹ́. Tí iṣẹ́ bá ti parí, chess ni mò ń ta. Bẹ́ẹ̀ ni, chess! Èmi ìyá ọlọ́mọ! Ọkọ mi máa ń sọ pé bí mo bá ń wo òun bí mo ṣe ń wo ọba àti ayaba orí bọ́ọ̀dù yẹn ni, òun ì bá ti sanra ju báyìí lọ. Èmi á kàn gbé ẹṣin mi síwájú.

Bàbá Tísà ló kọ́ mi. Físíìsì ni wọ́n ń kọ́ni títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n chess ni gbogbo ìlú fi mọ̀ wọ́n. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó mọ chess ta ní Ìkẹ́rẹ́ tí kò gba abẹ́ ọwọ́ wọn kọjá. Gbọ̀ngán àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ni a ti máa ń ta á, wọn á sì máa rìn láti orí tábìlì kan dé òmíràn, wọn á káwọ́ sẹ́yìn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn gbé kọ̀ǹpútà kan wá fún wọn, eléyìí tó wúwo, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Ètò chess kan wà nínú rẹ̀. Áà, ẹ̀rù ètò yẹn bà wá! Gbogbo wa ló nà, kò yọ Bàbá sílẹ̀. Bàbá wá pinnu láti bi í ní ìbéèrè kan tó ti ń jẹ wọ́n lọ́kàn láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Nínú irú ìbẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ràn, bí ẹni tó ń ta funfun bá fi ẹṣin rẹ̀ tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọ̀nà lè ṣí sí ọ̀dọ̀ ọba dúdú, ṣé wèrè ni tàbí ọgbọ́n?

Ẹ ò mọ ohun tí ìbéèrè yẹn gbà lọ́wọ́ wọn. Tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, Bàbá á tan jẹnẹrétọ̀, wọn á gbé ìbéèrè síwájú kọ̀ǹpútà, wọn á fi í sílẹ̀ kó máa ronú di ìdájí. Lọ́jọ́ kejì, wọn á tún gbé ẹ̀ka mìíràn, ìyẹn ọ̀nà mìíràn tí eré náà lè gbà, síwájú rẹ̀. Màmá Tísà, ọmọ Ìsẹ̀ tí ẹnu wọn kì í dákẹ́, á máa pariwo láti inú ilé ìdáná pé ẹ̀rọ burúkú yìí ń mu epo ju ẹ̀rọ tó ń lọ gàrí lọ. Bàbá ò gbọ́. Nígbà tó pẹ́ gan-an, kọ̀ǹpútà dá ẹjọ́: ọgbọ́n ni! Funfun ló ń borí. Tí ọba dúdú bá gba ẹṣin yẹn, wàhálà rẹ̀ dé.

Ìlà Ìkẹ́rẹ́ ni a sọ àwọn ìṣísẹ̀ náà lórúkọ. A fi na àwọn ìlú ìtòsí wa: a fi na Òde, a fi na Ìsẹ̀, a fi na Emùré dáadáa. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, a ní ẹ̀bùn wo la máa fún wọn? Ni a bá pe akunlé, ó fi ọ̀dà kọ gbogbo ìlà yẹn sí ara ògiri gbọ̀ngán, ó ya bọ́ọ̀dù ńlá sí i, ó fi pupa kun ẹṣin. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Tísà.” Ọ̀dà olóròóró o, èyí tí òjò àti kànrìnkàn ò lè mú kúrò! Ta ló máa ń fi ọ̀dà kọ nǹkan bí kò bá dá a lójú pé ó ti parí?

Ó wá di ìgbà tí Àjíǹde ń bọ̀ yìí. Àbúrò mi ra fóònù tuntun, ó sì fún mi ní èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀. Mo wo inú rẹ̀, mo rí ápù chess kan tó ní ẹ́ńjìnì, ìyẹn ọpọlọ tó máa ń sọ ẹni tó ń borí fún èèyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, mo gbé ìrẹsì kaná, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ní jẹ́ kí n fi Ìlà Ìkẹ́rẹ́ sí i, kó yìn wá díẹ̀.

Fóònù ní dúdú ló ń borí!

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní mo ti tẹ nǹkan kan ní àṣìtẹ̀. Mo tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà. Mo ní ó dáa, máa ronú, mi ò lé ọ. Bó ṣe ń ronú sí i ni ìlà wa ń burú sí i lójú rẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, kí n lè mọ ohun tó rí. Ọba dúdú gba ẹṣin wa, ṣùgbọ́n kò sá padà sílé. Ó rìn jáde síta gbangba, sí àárín bọ́ọ̀dù, níbi tí gbogbo wa ti gbà pé ọba tó bá débẹ̀ ti kú. Kọ̀ǹpútà Bàbá náà gbà bẹ́ẹ̀, kò sì tẹ̀ lé e débẹ̀. Agbára rẹ̀ ò gbé e débẹ̀ ni. Fóònù ọwọ́ mi tẹ̀ lé ọba yẹn lọ tààrà, ó rí i pé ó la ojú ogun kọjá, ó dé ibi ìsádi, àwa sì jókòó síbẹ̀ láìní ẹṣin mọ́.

Ìrẹsì jóná. Òórùn rẹ̀ ló jí mi.

Ṣé ẹ rò pé inú mi dùn? Inú mi ò dùn rárá. Jẹnẹrétọ̀ yẹn ló wá sí mi lọ́kàn, àti Bàbá tí wọ́n máa ń dé gbọ̀ngán láàárọ̀, tí ojú wọn á ti pọ́n, tí wọn á máa sọ fún wa pé kọ̀ǹpútà ti gba ẹ̀ka kan sí i wọlé. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ọjọ́ pípẹ́ ṣe, fóònù àlòkù ti tú u ká kí ìrẹsì tó jinná. Àánú wọn ṣe mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

Mo lọ bá Brother Káyọ̀dé, alága ẹgbẹ́ wa. Kò kọ́kọ́ gbà. Ó pa òwe fún mi pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i bó gun orí igi. Mo ní Brother, fóònù yìí ti gun igi kọjá, wá wò ó. Ó wò ó. Ó tún un wò. Ó fi ara sílẹ̀ sórí àga, ó ní, “Ta ló máa sọ fún Bàbá?”

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ló máa sọ ọ́? Ní ọ̀dọ̀ tiwa, o ò lè dojú kọ àgbàlagbà kí o ní bàbá, iṣẹ́ ayé yín ti bàjẹ́. Ẹnìkan wà tí èèyàn máa ń rán, ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà kúnlẹ̀, ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà yí ọ̀rọ̀ po kó tó délẹ̀. Ta la fẹ́ rán? Pásítọ̀ ò mọ ẹṣin yàtọ̀ sí ayaba. Bí a bá sì rán Màmá Tísà, ọ̀rọ̀ epo ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú wọlé! Ẹsẹ̀ tún ti ń dun Bàbá láti bí ìgbà díẹ̀, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. A ní ìròyìn yìí lè gbé wọn dùbúlẹ̀ pátápátá.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Ní Mọ́ńdè Àjíǹde, àwọn ìlú tó yí wa ká máa ń wá bá wa figa gbága. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ti ní irú fóònù yìí ńkọ́? Wọ́n á jókòó sábẹ́ ògiri yẹn, wọ́n á máa fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ni Brother Káyọ̀dé bá mú àbá kan wá. Ó ní kí a kun ògiri yẹn. Kí a kùn ún wẹ́rẹ́, kí Bàbá tó tún ní okun láti wá. Tí wọ́n bá bi wá, a ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń tún gbọ̀ngán ṣe sílẹ̀ de Àjíǹde. Gbogbo wa gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀wọ̀ ni a pè é o! A ní à ń bo àgbà láṣìírí.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni a kùn ún. Ọ̀dà náà ò tíì gbẹ nígbà tí a gbọ́ ọ̀kadà lẹ́nu géètì. Ta ló sọ̀ kalẹ̀? Bàbá Tísà! Wọ́n ní ara àwọn le díẹ̀, àwọn ní kí àwọn wá wo bí a ṣe ń múra de àwọn ará Emùré.

Wọ́n wọlé, wọ́n sì dúró. Kò sẹ́ni tó lè kí wọn tán. Wọ́n rìn lọ sídìí ògiri, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ọ̀dà lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Káyọ̀dé, uṣẹ́ mi dà?”

Brother Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í kà bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀: ṣọ́ọ̀ṣì, Àjíǹde, ìgbìmọ̀ tó ń tún ilé ṣe. Bàbá wo ògiri ọ̀tún. Wọ́n wo tòsì. Wọ́n yíjú wo èyí tó wà lẹ́yìn. Gbogbo wọn ló dọ̀tí, ìdọ̀tí ọwọ́ ọmọdé wà lára wọn! Ẹ̀yin èèyàn mi, ògiri kan ṣoṣo yẹn ni a kùn! Àwa tí a ń pe ara wa ní ọlọ́pọlọ chess!

“Mo ti kú ni, tí ẹ fi ń palẹ̀ mi mọ́ kúrò nínú ulé?” Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Wọn ò pariwo. Wọ́n yíjú padà, wọ́n ní kí ẹnìkan bá àwọn pe ọlọ́kadà yẹn kó tó lọ jù.

Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ìsìn Ọjọ́ Ẹtì Rere parí, mo gba ilé wọn lọ. Màmá Tísà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí la ṣe fún ọkọ àwọn? Wọ́n ní láti àná ni kò ti fẹnu kan nǹkan, pé iyán tí àwọn gún fún un wà níbẹ̀, “Uṣu ulé wa, uṣu gidi, kò tilẹ̀ wò ó!” Ojú ń tì mí. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀.

Bàbá kọjú sí fèrèsé. Wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀, madam.”

Madam kẹ̀! Bàbá Tísà tó ń pè mí ní Bọ́sẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọ yúnífọ́ọ̀mù! Wọ́n wá ń fi “ẹ” kí mi bí àlejò. Ó dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ìrẹsì, fóònù, ọba tó rìn jáde, ìbẹ̀rù wa, ọ̀dà. Mo ní sà, nítorí kí wọ́n má baà fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Wọ́n yíjú kúrò ní fèrèsé. Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n ní kí n gbé fóònù náà wá.

Wọ́n wọ awò ojú wọn. Wọ́n ní kí n to ìlà náà, kí n má fo ohunkóhun. Gbogbo ẹ̀ka tí wọ́n ti bi kọ̀ǹpútà wọn léèrè nígbà yẹn ni wọ́n rántí, láìwo ibì kankan, wọ́n sì ń bi fóònù ní ìkọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ìgbà, ọba dúdú á rìn jáde. Wọn á ní, “Hẹn.” A ó tún gbìyànjú òmíràn. “Hẹn.” Nígbà tó yá, wọn ò bi í ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n sì gbé fóònù náà lélẹ̀.

Mo ní sà, kì í ṣe ẹ̀bi yín, kọ̀ǹpútà ìgbà náà ni kò ríran jìnnà. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ yẹn ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ, àwọn náà ṣe ìwọ̀n tiwọn, ṣùgbọ́n ó dun àwọn, kí n jẹ́ kó dun àwọn díẹ̀. A jọ jókòó bẹ́ẹ̀.

Àfi bí Màmá Tísà ṣe yọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Wọ́n ti ń tẹ́tí látọjọ́! Wọ́n nawọ́ sí fóònù mi. “Ṣé èyí tó tó ọwọ́ ọmọdé yìí ló ní urọ́ ni èyí tó mu gbogbo epo ulé yìí pa?”

Bàbá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn, Màmá ń fọwọ́ gbá wọn lẹ́yìn, àwọn náà ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ọpẹ́ o, ó ti tán.

Kò tíì tán! Bàbá yíjú sí mi, wọ́n ní, “Bọ́sẹ̀.” Wọ́n ti ń pè mí ní Bọ́sẹ̀! Wọ́n ní kì í ṣe fóònù ló bí àwọn nínú, àwa ni. Wọ́n bi mí bóyá mo rántí ohun tí àwọn ṣe sí ìwé tí àwọn fi kọ́ wa nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé. Mo rántí. Wọ́n gbé ìwé náà wá síwájú gbogbo wa, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti rí àṣìṣe nínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí kálukú mú bírò, kó fagi lé ohun tí àwọn fúnra wọn ti kọ́ wa. A pàtẹ́wọ́ fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní, ó dáa, nígbà tó wá kan àwọn, kí ló dé tí a fi ọ̀dà bò ó? Ṣé ẹyin ni àwọn, tó máa fọ́?

Mo ní ẹ foríjì wá, sà. Kí ni mo fẹ́ wí?

Wọ́n tún bi mí pé fóònù tèmi yìí, tí òmíràn bá dé lọ́la, ṣé ó dá mi lójú pé kò ní rí àṣìṣe nínú ohun tó sọ lónìí? Mo ní kò dá mi lójú, sà. Wọ́n ní kí n lọ sọ fún Káyọ̀dé kó ra ọ̀dà dúdú, irú èyí tí a fi ń kun bọ́ọ̀dù kíláàsì, kó sì ra ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n ní kí Màmá gbé iyán wá.

Mọ́ńdè Àjíǹde pé. Gbọ̀ngán kún. Kápútéènì àwọn ará Emùré, ọ̀gbẹ́ni gíga kan tí kì í bọ́ awò dúdú, wọlé, ó wo ògiri, ó sì dúró gbagidi. Ìlà Ìkẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, ògiri dúdú lásán ló rí.

A ní kí Bàbá fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó ku nǹkan kan kí àdúrà tó kàn. Wọ́n fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn lélẹ̀, wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ gbogbo Ìlà Ìkẹ́rẹ́ láti orí, wọ́n ya bọ́ọ̀dù. Wọ́n wá kọjú sí gbogbo ìlú. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin tí mo kọ́, èmi ni mo kọ́ yín ní eléyìí. Mo ṣì í kọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní ibi tí mo ti ṣì.” Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì mú ọba dúdú rìn jáde lójú wa, wọ́n ń ṣàlàyé ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọkùnrin Ìsẹ̀ kan ló kérora láti ẹ̀yìn pé, “Èyí tí ẹ sì fi nà wá látọdúnmọ́dún!” Ẹ̀rín sọ.

Kápútéènì Emùré dìde. Ó bọ́ awò dúdú rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá. Ó ní kí wọ́n dárí ji òun. Ó ní òun ya fọ́tò ògiri wa lọ́dún tó kọjá, òun gbé e fún ẹ́ńjìnì, òun sì ti kọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ òun ní rírìn ọba yẹn, kí wọ́n lè fi dójú tì wá lónìí. Ṣùgbọ́n ó ní ó tún ku nǹkan kan tí òun ti pinnu pé òun ò ní sọ fún wa. Ó ní ẹ́ńjìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde rí i pé funfun ò kú. Tí ọba dúdú bá rìn jáde, kí funfun má lé e rárá. Kó rọra gbé ilé ìṣọ́ rẹ̀, ọmọ tó máa ń dúró sí igun bọ́ọ̀dù, wá sí àárín. Ọ̀mì ni ó máa já sí, kò ní sí ẹni tó borí.

Bàbá na ṣọ́ọ̀kì sí i. Wọ́n ní kó wá kọ ọ́. Ó kọ ọ́, wọ́n dúró tì í, wọ́n ń bi í léèrè bí ọmọ kíláàsì, wọ́n gbàgbé ọ̀pá, wọ́n gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Nígbà tó yé wọn, wọ́n yíjú wá mi. Wọ́n ní, “Bọ́sẹ̀, fóònù tìrẹ náà ti darúgbó!” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, Emùré nà wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Brother Káyọ̀dé lọ bá Bàbá. Ó bi wọ́n bóyá kí òun kọ orúkọ wọn padà sí abẹ́ ìlà náà, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bàbá wo ògiri títí. Wọ́n ní kó má kọ ọ́, pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa nílò àyè ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí èmi rí kọ́ rèé. Èyí tó mọ̀ jù lónìí, ọ̀la lè sọ ọ́ di arúgbó, ìbáà ṣe èèyàn, ìbáà ṣe ẹ̀rọ, kò sì yẹ kí èyí ti ẹnikẹ́ni lójú. Èyí tó yẹ kó ti èèyàn lójú ni kí a máa fi irọ́ ṣìkẹ́ àwọn tó kọ́ wa ní òótọ́. Mo ti rò pé ọ̀wọ̀ ni, ìsìnkú ni mò ń ṣe fún ẹni tó wà láàyè.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ̀ ń fi òótọ́ pamọ́ fún nínú ilé yín, tí ẹ ní à ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni? Ẹni tó ti sọ ọ́ rí, báwo lẹ ṣe sọ ọ́, kí sì ni wọ́n dá yín lóhùn? Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ibí, kí gbogbo wa rí i kọ́. Ẹ má ṣàfikún, ẹ má ṣàyọkúrò o. Bàbá Tísà ti ní àwọn fẹ́ ka gbogbo rẹ̀.